Kúbùsù Àránpọ̀ fún Ọmọdé: Ohun tí Ẹ Máa Ṣe àti Ohun tí Ẹ Kò Gbọdọ̀ Ṣe

Láti Kétu dé Alápẹ̀rẹ̀, láti Ìkòsì dé Mile 12, kò sí àdúgbò tí ẹ ò ti ní rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí kò ní àpò èèkù aṣọ lábẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ mónógíràmù, tó sì mọ aṣọ wẹ́wẹ́ rán pọ̀, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀: kúbùsù ọmọdé tí a ya ẹja, ẹyẹ, mọ́tò àti orúkọ sí lára.

Àmọ́ kúbùsù ọmọdé kì í ṣe aṣọ òde. Ọmọ yóò tọ̀ sí i, yóò wọ́ ọ nílẹ̀, yóò fi nu imú, yóò fi etí rẹ̀ sẹ́nu. Ìyá rẹ̀ yóò fọ̀ ọ́ láàárọ̀, yóò sì fẹ́ kó gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nítorí náà, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ máa bi ara yín láti ìgbà tí ẹ bá mú sísọ́ọ̀sì títí dé ìgbà tí ẹ bá gba owó: ṣé ara ọmọ yóò gbà á? Ohun tó bá wu ojú àgbà tí kò bá ara ọmọ mu, ẹ yọ ọ́ kúrò.

KÍ Ẹ TÓ GÉ AṢỌ

Ṣe: Ẹ béèrè ọjọ́ orí ọmọ kí ẹ tó gba owó àsansílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, AAP, tún un sọ ní 2022 pé kí kúbùsù, ìrọ̀rí àti ohun rírọ̀ mìíràn má ṣe sí lórí ibùsùn tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ń sùn sí, nítorí ó lè bò ó nímú. Fún ìkókó, ẹní ìṣeré ni kúbùsù yín: kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ọmọ dojú bolẹ̀ lórí rẹ̀, kó máa kọ́ bí a ṣe ń gbé orí sókè, kí àgbà sì wà nítòsí. Bó bá ti kọjá ọdún kan, ó lè máa fi bora. Ẹ sọ ọ́ fún ìyá ọmọ kedere. Ẹ má torí owó gbé e mì.

Má ṣe: Ẹ má wo kúbùsù ìlú òtútù kí ẹ sì rán irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwòrán tí ẹ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ti rán an. L'Ékòó, ooru ọ̀sán máa ń kọjá 30°C ní Fẹ́búárì àti Máàṣì, òru kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ tutù. Fáíbà tó wúwo tí wọ́n fi ń ki ìrọ̀rí kò yẹ kúbùsù yìí rárá. Ẹ wá fáíbà pẹlẹbẹ, tàbí kí ẹ fi fúlánẹ́ẹ̀lì olówùú kan ṣoṣo sí àárín. Ọmọ tó bá ń làágùn lábẹ́ kúbùsù yóò ta á nù kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ṣe: Ẹ ṣírò kí ẹ tó lọ sọ́jà. Kúbùsù tí ọmọ ọdún mẹ́ta lè dá gbé kò gbọdọ̀ ju íńṣì 36 sí 45 lọ. Ẹ gé aṣọ ní onígun mẹ́rin, íńṣì 5 sí 5. Ìdá mẹ́rin íńṣì ni ìránpọ̀ yóò jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 4½ ni yóò sì kù. Mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́wàá ní òró, àpapọ̀ 80. Ọ̀pá ànkárá kan tó fẹ̀ tó íńṣì 45 yóò fún yín ní 63. Ọ̀pá kan àtààbọ̀ ti tó fún ojú kúbùsù, yóò tún ṣẹ́kù. Ẹ̀yìn àti àárín ni ẹ máa náwó sí.

Má ṣe: Ẹ má torí ìbejì rán ńlá kan. Méjì ni kí ẹ rán, kí wọ́n jọra bí aṣọ tí à ń dá fún Táíwò àti Kẹ́hìndé ti ń jọra. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ra aṣọ méjèèjì. Bátánì ànkárá tí ẹ rí lónìí lè ti tán lọ́jà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

AṢỌ TÓ YẸ ÀTI ÈYÍ TÍ KÒ YẸ

Ṣe: Ẹ gba èèkù lọ́wọ́ àwọn télọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣà á. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Kúbùsù àránpọ̀ ni ọ̀nà tí àgbà lè gbà fi àkísà tirẹ̀ ta ọmọdé lọ́rẹ: èèkù bùbá ìyá, etí ìró ìyá àgbà, aṣọ ẹbí ọjọ́ ìgbéyàwó. Ẹ bi ìdílé bóyá wọ́n ní irú rẹ̀ nílé. Ẹ gbé aṣọ kọ̀ọ̀kan sí ojú oòrùn: èyí tí ìmọ́lẹ̀ bá ń là kọjá ti gbó jù, yóò ya ní fífọ̀ kejì.

Má ṣe: Ẹ má fi léèsì sí i. Ẹ̀gbọ́n iṣẹ́ yín ni léèsì, nítorí ẹ̀rọ ló ń gún òun náà. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ilé iṣẹ́ Lustenau, ní agbègbè Vorarlberg ní Austria, ti ń ṣe é wá sí ọjà wa, débi pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna ṣe àfihàn ńlá lórí rẹ̀ ní 2010. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ òde. Ihò ara rẹ̀ ń mú ìka ọmọ, òkúta rẹ̀ ń já, òwú dídán rẹ̀ sì ń họ ara.

Ṣe: Ẹ fọ aṣọ, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ tó gé e. Sítáàṣì wà lára ànkárá tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ó ń sún kì. Bí ẹ bá rán èyí tó ti sún kì mọ́ èyí tí kò tíì sún kì, fífọ̀ àkọ́kọ́ yóò ká kúbùsù náà jọ. Àdìrẹ ẹlẹ́lùú tún gba ìṣọ́ra: ẹ rẹ aṣọ funfun sínú omi, ẹ fi nù ún kíkan. Bí funfun náà bá di aró, ẹ tún àdìrẹ fọ̀ títí tí kò fi ní ṣí mọ́. Àwọ̀ tó bá ṣí sára aṣọ nínú ilé yín, ó lè ṣí sẹ́nu ọmọ nílé tiwọn.

Má ṣe: Ẹ má pa olówùú pọ̀ mọ́ sátíìnì àti aṣọ tó ń nà. Iná áyọ́ọ̀nù tó tẹ́ ànkárá lọ́rùn ń jó sátíìnì, aṣọ tó ń nà sì ń wọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, kò ní jẹ́ kí igun pàdé igun. Olówùú mọ́ olówùú ni kí ẹ rán.

Ṣe: Ẹ ra aṣọ ẹ̀yìn ní odindi. Ẹ̀yìn ló ń kan ara ọmọ jù, kò yẹ kí ojú ìránpọ̀ kún ibẹ̀. Bí Kétu kò bá ní èyí tó rọ̀, ẹ wọ BRT ní Mile 12, ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì náà ti ń ná láti 2008, kí ẹ lọ wá a ní Balógun ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹ fi ọwọ́ pa á. Ẹ fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹ̀lú, nítorí àtẹ́lẹwọ́ télọ̀ ti le.

LÓRÍ Ẹ̀RỌ MÓNÓGÍRÀMÙ

Ṣe: Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kí ẹ tó tì í bọ iná. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ìlò ní Japan ń gba fóòtì 100, ti Amẹ́ríkà ń gba 120. Iná tiwa jẹ́ 230. Láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò ṣiṣẹ́. Ẹ fi sítébíláísà sí i pẹ̀lú, nítorí iná tó ń gòkè tó ń sọ̀ ń ba ọpọlọ ẹ̀rọ jẹ́. Bí ẹ bá ń gbé apá Agboyi tàbí Ajégúnlẹ̀, níbi tí odò Ògùn ti kún wọlé ní 2010, ẹ gbé ẹ̀rọ àti òwú sórí tábìlì gíga kí òjò Ọ̀wàrà tó dé.

Má ṣe: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ àwòrán ńlá nígbà tí iná ń ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ mìíràn máa ń rántí ibi tó dé, òmíràn kì í rántí. Kódà bó bá rántí, férémù lè ti sún, ojú ẹyẹ yóò sì bọ́ sórí ìyẹ́ rẹ̀. Bí ìnfátà yín kò bá lè gbé àwòrán kan parí, àwòrán kékeré ni kí ẹ ṣe lọ́jọ́ náà.

Ṣe: Ẹ béèrè irú fáìlì tí ẹ̀rọ yín ń kà kí ẹ tó sanwó fún àwòrán. Tajima ń lo DST, Brother ń lo PES. Ọ̀pọ̀ ti ra àwòrán tó rẹwà tí ẹ̀rọ wọn ò lè ṣí. Ẹ tún béèrè iye sítíìṣì rẹ̀ àti iye ìgbà tí òwú yóò pààrọ̀ àwọ̀.

Má ṣe: Ẹ má fa aṣọ gan-an nínú férémù bí awọ ìlù. Aṣọ tí ẹ fà yóò padà sí ipò rẹ̀ bí ẹ bá tú férémù, àwòrán yóò sì hun jọ. Ẹ tẹ́ ẹ kó dọ́gba, kó má wọ́, kó má rọ̀, ìyẹn ti tó. Iṣẹ́ dídi aṣọ mú kì í ṣe ti férémù nìkan: ẹ fi gọ́ọ̀mù sítéè tó fẹ́lẹ́ lẹ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi sítéè tí a lè ya kúrò sábẹ́. Bí ẹ bá parí, ẹ ya èyí tó ṣẹ́kù kúrò jẹ́jẹ́. Sítéè líle tí ẹ gbàgbé sínú kúbùsù yóò máa dún, yóò sì máa gún ọmọ.

Ṣe: Ẹ lo abẹ́rẹ́ 75/11 àti òwú pọ́líẹ́sítà 40. Òwú réyọ́ọ̀nù ń dán jù ú lọ, ó sì ń wu oníbàárà lójú. Ṣùgbọ́n ó ń rọ bó bá tutù, kúbùsù ọmọdé kò sì mọ̀ ju kó máa tutù lọ. Ẹ máa pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kó tó kú. Abẹ́rẹ́ tó ti kú ń fa ojú aṣọ, ó ń já òwú, ẹ ó sì máa bú ẹ̀rọ lásán.

Má ṣe: Ẹ má fi sítíìṣì kún gbogbo ojú àwòrán. Ibi tí oníṣẹ́ mónógíràmù ti ń fẹ́ fi ọwọ́ hàn nìyí, ibẹ̀ náà ni kúbùsù ti ń bàjẹ́ jù. Kìnnìún tí a kún fọ́fọ́ ń le gbagidi lára ànkárá. Bí ọmọ bá sùn lé e, àpá rẹ̀ á yọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ yan àwòrán tó jẹ́ ìlà: ẹja tí a fi ìlà kan yí ká, ewé tí inú rẹ̀ ṣófo, dánfó tó ní táyà méjì àti fèrèsé mẹ́ta. Ọmọdé kò ka sítíìṣì, ohun tó bá dá mọ̀ ló ń pè.

Ṣe: Bí ẹ bá fẹ́ àwòrán tó kún, ẹ gé e láti ara aṣọ, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Àlẹ̀mọ́ ni iṣẹ́ tí àwọn aránṣọ ààfin Abomey ní Benin fi ń sọ ìtàn ọba wọn: wọ́n ń gé kìnnìún, ẹja àti ẹyẹ láti ara aṣọ, wọ́n sì ń rán an mọ́ aṣọ mìíràn. Ní Georgia ní Amẹ́ríkà, Harriet Powers, obìnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú ní 1837, ṣe bẹ́ẹ̀ rán ìtàn Bíbélì sára kúbùsù, ó fi ọwọ́ rán, ó fi ẹ̀rọ rán. Méjì nínú iṣẹ́ rẹ̀ ló kù, ọ̀kan wà ní Smithsonian, èkejì wà ní ilé ọnà Boston. Ẹ̀rọ mónógíràmù yín lè ṣe irú rẹ̀ kíákíá: yóò ya ìlà, ẹ ó tẹ́ aṣọ lé e, ẹ ó gé etí rẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì fi sítíìṣì yí i ká. Sítíìṣì á dín, aṣọ á rọ̀, àwọ̀ á sì kún ojú.

Má ṣe: Ẹ má gé onígun mẹ́rin sí íńṣì 5 kí ẹ tó ya àwòrán sí i. Sítíìṣì ń fa aṣọ jọ. Íńṣì 8 ni kí ẹ kọ́kọ́ gé, kí ẹ ya àwòrán sí àárín, kí ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá gé e sí 5. Àwòrán inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju íńṣì 3½ lọ, kí ìránpọ̀ má baà jẹ ìrù ẹja.

ORÚKỌ ỌMỌ

Ṣe: Ẹ fi ojú kan sílẹ̀ fún orúkọ, kí ẹ sì dúró de ọjọ́ kẹjọ. Ìyá tó ń retí ọmọ lè ti san owó láti oṣù keje oyún. Ẹ rán gbogbo ìyókù, ẹ tọ́jú onígun mẹ́rin kan sọ́tọ̀, ẹ má sì béèrè orúkọ. Bí wọ́n bá ti kó ọmọ jáde, tí bàbá àgbà ti pe orúkọ létí gbogbo ènìyàn, ẹ ya á sí aṣọ ọ̀tọ̀, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyè rẹ̀. Ìdajì ọjọ́ ni iṣẹ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ pé télọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọmọ lórúkọ.

Má ṣe: Ẹ má ju àmì orúkọ nù nítorí pé ẹ̀rọ kò ní in. Lẹ́tà tó bá inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wá kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tó ń ya àwòrán fún yín lórí kọ̀ǹpútà lè fi àmì sábẹ́ wọn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ ya àmì náà lọ́tọ̀ bí àwòrán kékeré. Kí àmì náà tóbi díẹ̀, èyí tó kéré jù yóò rì sínú aṣọ. Fọ́láṣadé tí kò ní àmì ìsàlẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí ìdílé rẹ̀ sọ ọ́.

Ṣe: Ẹ bi ìdílé léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Olúwadámilọ́lá kò lè gba inú íńṣì 3½ kó ṣì ṣeé kà. Dámi yóò gbà á. Oríkì náà ń ṣe dáadáa: Àjọkẹ́, Àkànní, Àṣàkẹ́. Lẹ́tà tó nípọn, tó ga tó ìdajì íńṣì ó kéré tán, ni kí ẹ lò.

ÌRÁNPỌ̀

Ṣe: Ẹ tò ó sílẹ̀ kí ẹ tó rán an, kí ìyá àgbà sì rí i. Ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá tó bá rí aṣọ wẹ́wẹ́ oríṣiríṣi tí a rán pọ̀, tí etí rẹ̀ rí ṣóńṣó ṣóńṣó, ẹ̀kú eégún ló máa kọ́kọ́ rántí. Iṣẹ́ ọnà ńlá ni ẹ̀kú, àmọ́ ó lè má jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ fi bo ọmọ. Etí tó tọ́ gbọọrọ, àwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó bára mu, àti aṣọ tí kò ní bátánì láàárín èyí tó ní bátánì, yóò tán an. Fóònù ti tó láti fi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Má ṣe: Ẹ má tẹ́ aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó ya àwòrán ńlá sí i. Àwòrán ni àkọ́kọ́, ìránpọ̀ ni èkejì, títẹ́ ojú, àárín àti ẹ̀yìn léra ni ẹ̀kẹta. Ẹ jẹ́ kí àárín àti ẹ̀yìn fi íńṣì méjì tóbi ju ojú lọ yí ká. Ẹ fi sáfẹ́tì-píìnì dè é láti àárín lọ sí etí, kí ẹ sì rán ìlà tó di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú láti àárín bákan náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí yóò kó gbogbo wíwọ́ jọ sí àárín. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ àwòrán kọjá, ẹ má gba orí rẹ̀.

Ṣe: Ẹ ka píìnì kí ẹ tó fi í dè é, ẹ tún un kà lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ́. Bí 50 bá wọlé, 50 ni yóò jáde. Ẹ má fi kúbùsù ránṣẹ́ títí iye náà fi pé.

Má ṣe: Ẹ má lẹ bọ́tìnnì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí síkúìnsì mọ́ ọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ń fi ohun gbogbo sẹ́nu. Ojú ẹja lè jẹ́ sítíìṣì. Ẹ gé òwú tó bá so láàárín lẹ́tà méjì pẹ̀lú: òwú gígùn lè lọ́ mọ́ ìka ẹsẹ̀ ọmọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

OWÓ ÀTI FÍFỌ̀

Ṣe: Ẹ fi sítíìṣì ṣírò owó ẹ̀rọ. Àwòrán onísítíìṣì 12,000, lórí ẹ̀rọ tó ń gún 600 ní ìṣẹ́jú kan, yóò gba 20 ìṣẹ́jú. Mẹ́fà irú rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì, láìka òwú tó já àti àwọ̀ tí ẹ pààrọ̀. Ẹ fi iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀ wákàtí méjì náà sí owó yín, ẹ fi aṣọ, òwú àti sítéè sí i, kí ẹ tó wá fi owó ọwọ́ yín lé e.

Má ṣe: Ẹ má dín owó kù nítorí pé èèkù ni aṣọ. Oníbàárà yóò wí i. Ẹ dá a lóhùn pé ọgọ́rin èèkù ni ẹ gé ní ìwọ̀n kan náà. Bó bá ṣì wọ́n lójú rẹ̀, ẹ dín àwòrán kù, ẹ má dín ìtọ́jú rírán kù.

Ṣe: Ẹ kọ bí wọ́n ṣe máa fọ̀ ọ́ sórí páálí kékeré. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kò sí bílíìṣì. Kí wọ́n fi ọwọ́ fún un, kí wọ́n má lọ́ ọ. Kí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ sá a, kí oòrùn má baà pa àwọ̀. Lásìkò òjò, èyí tó nípọn ń mú òórùn ọ̀rinrin wá. Èyí tó fẹ́lẹ́ tí ẹ rán yóò gbẹ lára okùn.

Má ṣe: Ẹ má jẹ́ kí ìyá ọmọ kó o sínú àpótí. Yóò fẹ́ tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ ọdún, tàbí kó máa fi han àlejò. Ẹ sọ fún un pé ìlò ojoojúmọ́ ni ẹ rán an fún: ẹ ti fọ aṣọ, ẹ ti yan òwú tó lágbára, ẹ ti dín sítíìṣì kù, gbogbo rẹ̀ nítorí ọmọ. Kí ó fi fún ọmọ lónìí. Bí etí rẹ̀ bá gbó, kó gbé e padà wá: etí tuntun yíká rẹ̀ kò ju iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan lọ, ẹ ó sì gba owó rẹ̀.